Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ará Bamburi!

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú àṣeyọrí, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àforítì! Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú igbó Haller Park ní Bamburi, lápá àríwá ìlú Mombasa ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ẹ̀yin ni mo dìde kí láti ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1971 ni ẹ fi igi àkọ́kọ́ sínú kòtò àpáta tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sílẹ̀. Ní 2026 yìí, ó pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta géérégé. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí igi náà wọlẹ̀ ti tó ẹni tí ń gbé ọmọ-ọmọ jó. Igbó náà pẹ̀lú ti ní ọmọ-ọmọ: igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ti hù síbẹ̀, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè ti tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀, ẹja ń pọ̀ sí i nínú adágún omi rẹ̀. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, mi ò sì ní pa á mọ́ra.

Kí n tó máa jó lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń torí rẹ̀ jó.

Orí òkúta tí òkun fúnra rẹ̀ mọ ni etí òkun Mombasa jókòó lé. Láyé ọjọ́un, kí ènìyàn tó tẹ ibẹ̀ dó, àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi tí wọ́n ń pè ní coral ń fi ẹfun mọ ilé fún ara wọn. Ìran kan ń kú, ìran mìíràn ń mọ tirẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, ilé wọn di àpáta funfun lórí ìyàngbẹ ilẹ̀. Àpáta yìí ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Bamburi ń wá. Láti 1954 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ ọ, tí katapílà ń kó o, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sun ún nínú iná ńlá, títí yóò fi di ìyẹ̀fun inú àpò tí bíríkìlà ń pò mọ́ yanrìn. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fi itọ́ mọlé, ìrì ni yóò wó o. Sìmẹ́ǹtì la fi ń kọ́ ilé ìwé, òun la fi ń kọ́ ilé ìwòsàn, òun náà la fi ń ṣe afárá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù lẹ́yìn. Wọ́n ti ha gbogbo ilẹ̀ ojú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó kan àpáta. Wọ́n kó àpáta náà lọ tán. Ohun tó ṣẹ́kù ni ìsàlẹ̀ kòtò gbalasa, funfun báláú, tí oòrùn ń ta lù tí ó sì ń jó ẹni lójú. Kò sí ilẹ̀dú níbẹ̀, kò sí ewé tó jẹrà, kò sí ekòló. Omi tó wà nísàlẹ̀ kò jìnnà, àmọ́ omi oníyọ̀ ni, nítorí pé òkun kò jìnnà síbẹ̀. Irúgbìn tí afẹ́fẹ́ bá gbé débẹ̀ á gbẹ kó tó rántí pé irúgbìn ni òun. Ojú ẹni tó bá dúró létí kòtò náà nígbà náà kò ní í rí ewé tútù kan.

A mọ irú kòtò yẹn nílẹ̀ wa. A ń rí wọn lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ kí òjò máa kún un. A ń rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn ará Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ òkúta ẹfun dáadáa. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń wa tiwọn. Kódà, ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ Lafarge ti ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ nínú méjèèjì, Ewékorò níhìn-ín, Bamburi lọ́hùn-ún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà kò kan Yorùbá. Òkúta kan náà ni, sìmẹ́ǹtì kan náà ni, kòtò kan náà sì ni.

René Haller ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ títún kòtò Bamburi ṣe lé lọ́wọ́. Ọmọ Switzerland ni, ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ni iṣẹ́ tó kọ́, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà fún ọdún mélòó kan kí ọ̀rọ̀ kòtò tó dé. Kò sí ìwé tó lè ṣí wò tí yóò sọ fún un bí a ṣe ń gbin igbó sórí àpáta ihòhò. Ó ṣe ohun tí àgbẹ̀ gidi ń ṣe: ó dán an wò. Irú igi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ni wọ́n gbìn sínú kòtò náà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, mẹ́tàlélógún ti kú. Mẹ́ta péré ló dúró.

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ àwọn mẹ́ta náà níbi àpèjẹ yìí, nítorí àwọn ni àgbà igbó. Àkọ́kọ́ ni àgbọn, tí àwọn ará Bàdágìrì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí igi tí iyọ̀ òkun kì í dẹ́rù bà. Èkejì ni Conocarpus, igi kan tó wá láti ìhà Sòmálíà, tó ti mọ ọ̀dá lójú. Ẹ̀kẹta ni Casuarina, àwọn ará wa sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Òun ni igi tí à ń pè ní wísílínpáìn, tí àwọn òyìnbó gbìn sí ọgbà ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á máa súfèé. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín. Bí o bá fà á, oríkèé oríkèé ni yóò máa já. Ọ̀pọ̀ wa ti jókòó lábẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán nílé ìwé láìmọ̀ pé akọni la sún mọ́.

Akọni ni, mo tún un sọ! Bí ẹ bá hú gbòǹgbò wísílínpáìn, ẹ ó rí kókó wúruwùru lára rẹ̀, wọ́n so jọ pọ̀ ní ṣùṣù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú kókó wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ tí igi lè jẹ. Igi náà á sì fún wọn ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn sè. Ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀bẹ̀ fún ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí ilẹ̀ kò ti sí, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá oúnjẹ rẹ̀. Ó sì ń yára ga. Ní ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè fi mítà méjì sí mẹ́ta kún gíga rẹ̀ láàárín ọdún kan. Kó tó pẹ́, òjìji ti wà nínú kòtò Bamburi. Òjìji! Ẹni tó bá ti dúró lórí òkúta ẹfun lọ́sàn-án gangan ló mọ ohun tí mo ń sọ.

Wàhálà wá dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ewé wísílínpáìn ń já bọ́, ó ń kún ilẹ̀, kò sì jẹrà. Oje kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní tannin ló wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Nílẹ̀ tó ti pẹ́ tó jẹ́ ilẹ̀, àwọn tí ń jẹ ewé gbígbẹ á ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nínú kòtò tuntun, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ewé ń ga sí i lórí àpáta, igi dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò dé. Igi láìsí ilẹ̀ kò lè di igbó. Tó bá jẹ́ bó ṣe rí ló dúró, ilé iṣẹ́ ì bá ya fọ́tò igi tútù náà, wọ́n ì bá gbé e sínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti gba fìlà fún Haller àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò gbà pé igi tútù ti tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Ọ̀kùn!

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kùn tí ọmọdé ń fi igi tọ́, tí yóò sì ká jọ kiribiti títí ọmọ náà yóò fi lọ. Ọ̀kùn tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá kúrò nínú ilé lásìkò òjò. Ọ̀kùn ńlá ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan wà ní etí òkun Kẹ́ńyà, Haller sì rí i tó ń jẹ ewé wísílínpáìn tí gbogbo ẹ̀dá yòókù kọ̀. Ó fọkàn sí i. Wọ́n kó ọ̀kùn wá sínú igbó kékeré náà, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ọ̀kùn ṣe ń jẹ ewé, ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní kóró kóró. Kóró wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọ̀kùn bímọ, àwọn ọmọ wọn náà bímọ. Díẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ ewé pupa gbígbẹ, lórí àpáta funfun, ilẹ̀dú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ilẹ̀ gidi, dúdú, ọlọ́ràá, tó lè gba omi òjò mọ́ra.

Ẹ̀yin ọ̀kùn Bamburi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ kò lápá tí ẹ kò sì ní ọkọ́, tí ẹ ro oko tí katapílà kò lè ro. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ohun tí ẹran kọ̀, tí ẹ sì fi ọ̀rá san án padà. Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ tí ẹ kì í sáré, tí ẹ sì dé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń lọ ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín oyè níbi ayẹyẹ yìí, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ pè síwájú, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ á tẹ̀ lé yín.

Nígbà tí ilẹ̀ ti dé, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bamburi. Wọ́n gé lára wísílínpáìn tó ti dàgbà, wọ́n tà á fún àwọn tí ń fi òpó kọ́lé, wọ́n sì fi àyè tó ṣí sílẹ̀ gbin igi tó jẹ́ ti etí òkun Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀. Ẹyẹ àti ọ̀bọ gbé hóró ọ̀pọ̀tọ́ wá nínú ikùn wọn. Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé wísílínpáìn kì í ṣe igi ibẹ̀, pé àjèjì ni, pé igbó àtọwọ́dá lásán ni. Òótọ́ ni pé igbó tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀tù tó dún kò padà wá, kò sì ní padà wá bó ṣe wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Haller Park ṣe àwíjàre láti wú igbó àbáláyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòtò ti wà nílẹ̀, àjèjì tó wá tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún onílé kí onílé lè rí ibi jókòó, ẹ jẹ́ ká fún un ní omi mu.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá kàn, ibẹ̀ ni ojú mi ti ń tàn jù.

Níbi tí wọ́n ti wa òkúta jìn dé ibi tí omi wà, wọn ò wá yanrìn dí i. Wọ́n sọ ọ́ di adágún. Wọ́n kó ẹja ẹ̀pìyà sínú omi, nítorí pé ẹ̀pìyà lè fara da omi tó níyọ̀ díẹ̀. Ẹ̀pìyà ń jẹ ìdin ẹ̀fọn, ènìyàn ń jẹ ẹ̀pìyà, ọjà ń gbé e. Wọ́n kó ọ̀nì wá, ibùdó ọ̀nì náà sì di ohun tí àwọn àlejò ń wá wò. Erinmi tó ti di aláìníyàá rí ilé síbẹ̀. Ní òru, erinmi á jáde lọ jẹ koríko. Tó bá di àárọ̀, á padà sínú omi, á sì yàgbẹ́ síbẹ̀. Ìgbẹ́ náà ń bọ́ èéhù inú omi, èéhù ń bọ́ ẹja, ẹja ń bọ́ ẹyẹ ẹsẹ̀ gígùn tí ń dúró sí etí omi bí ọlọ́pàá ojú títì. Ìlànà tí Haller fi ń ṣàkóso ibẹ̀ nìyẹn: ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún àwọn yòókù. Eland àti oryx, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ẹtu àti àgbọ̀nrín tiwa, ń jẹko, wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ wọn mú ilẹ̀ lọ́ràá. Awọ́nríwọ́n ń rìn gbéregbère létí omi. Àwọn àgùnfọn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Àlejò á gun orí pẹpẹ, á na oúnjẹ sí wọn, ẹranko ọlọ́rùn gígùn náà á sì yọ ahọ́n dúdú gbọọrọ, á ká oúnjẹ náà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ tó bá ti bọ́ àgùnfọn lọ́wọ́ rí kò ní í gbàgbé ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1984 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn láti wá wò ó. Ní 1987, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká kọ orúkọ Haller sínú ìwé àwọn ẹni ẹ̀yẹ tí wọ́n pè ní Global 500. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà náà. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kì í gbin igbó, torí náà ìkíni mi kò lè dúró sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sọ ọgbà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọjá ọ̀rọ̀ Owen àti Mzee, nítorí bí gbogbo ayé bá gbàgbé orúkọ Bamburi, ọ̀pọ̀ ọmọdé yóò ṣì máa rántí àwọn méjèèjì.

Ní oṣù Kejìlá 2004, òjò ti gbé agbo erinmi kan láti inú odò Sabaki lọ sí etí òkun, nítòsí ìlú Malindi. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ìgbì òkun ńlá tó pa ènìyàn púpọ̀ ní Éṣíà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí tsunami, dé Kẹ́ńyà pẹ̀lú. Nígbà tí omi rọlẹ̀, ọmọ erinmi kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀ rí lórí òkúta inú òkun, ìyá rẹ̀ kò sí, agbo rẹ̀ kò sí. Ọmọ ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún (300) kílò! Àwọn apẹja kó àwọ̀n jáde, ọkùnrin bíi mélòó kan wọ omi, wọ́n bá a jìjàkadì títí wọ́n fi rí i fà sókè. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tó mú un ni wọ́n sọ ọ́: Owen. Haller Park ni wọ́n gbé e lọ.

Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjàpá ńlá kan ló sá lọ. Mzee ni orúkọ ìjàpá náà, ọ̀kan lára àwọn ìjàpá erékùṣù Aldabra ni, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ti tó nǹkan bí àádóje (130) ọdún láyé. Owen sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí àlejò bá wọlé. Mzee kọ́kọ́ bínú, ó gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ. Ọmọ tẹ̀ lé e. Ó tún kúrò níbẹ̀, ọmọ tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe, àgbà náà rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ pọ̀, orí erinmi á wà lórí ẹsẹ̀ ìjàpá tí oorun bá ń kùn wọ́n. Nínú àlọ́ tiwa, ìjàpá kì í ṣe ẹni tí a lè gbé ọmọ tì lọ́rùn. Ní Bamburi, òun ló gba ọmọ olómi tọ́. Paula Kahumbu, tó jẹ́ ọ̀gá tí ń bójú tó ọgbà náà nígbà yẹn, wà lára àwọn tó kọ ìtàn wọn sínú ìwé, àwòrán tí akọ̀ròyìn Peter Greste yà sì gbé e káàkiri ayé. Nígbà tí Owen dàgbà, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Cleo, abo erinmi, kó lè mọ ìwà ẹ̀yà rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ erinmi yẹn nílò ilé kíákíá, ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sunkún, ilé wà. Omi wà fún un láti lúwẹ̀ẹ́, koríko wà, àgbà wà. Bí àwọn tó gbin igi ní 1971 bá ti sọ pé kòtò ni, kòtò náà ni yóò máa jẹ́, ibo ni wọn ì bá gbé e sí? Wọn ò mọ̀ pé ìgbì òkun kan ń bọ̀ ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí i. Wọ́n gbin igi wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kí yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé irúgbìn lé èjìká wọ inú kòtò nígbà tí oòrùn ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọdún náà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ yín ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Igi tí ẹ gbìn ń jẹ́rìí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọnmi síbi irúgbìn, tí ẹ ń yọ èyí tó kú tí ẹ ń fi òmíràn rọ́pò, ẹ kú ìtẹ̀síwájú. Ẹ̀yin olùtọ́jú ẹranko tí ẹ mọ ìṣe erinmi kọ̀ọ̀kan, tí ẹ mọ èyí tí inú rẹ̀ ń bí lónìí, ẹ kú ewu iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé káàkiri, tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ láìjẹ́ kó sú yín, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé Mombasa tí ẹ ti wá wò ó, tí ẹ padà sílé lọ ń sọ fún ìyá yín pé ọ̀kùn kì í ṣe ohun à ń fi ìgbálẹ̀ lé, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ abúlé àyíká Mombasa tí àjọ Haller Foundation ń bá ṣiṣẹ́, tí ẹ mú ọgbọ́n inú kòtò náà wọ inú oko yín, tí ẹ ń gba omi òjò sílẹ̀, tí ẹ ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ewé ṣe ajílẹ̀, oko yín kò ní í kú. Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń sáré ní òwúrọ̀, tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ní ojú ọ̀nà Forest Trails láàárín igi tí wọ́n gbìn sí ibi tí katapílà ti ń pariwo rí, ẹ kú ìgbádùn. Mo ń jowú yín. Ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú, ó yẹ kí n kí i: gbígbẹ́ rọrùn, ẹni tó gbẹ́ tó tún padà wá tọ́jú ibi tó gbẹ́ kò pọ̀ láyé. Bí ọwọ́ olówó bá ṣe ń yí padà lórí ilé iṣẹ́ náà, kí ọwọ́ tó wà lórí igbó má ṣe tú.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́! Ẹ sì bá mi wo kòtò tó wà lẹ́yìn ìlú yín, èyí tí wọ́n ti wa yanrìn inú rẹ̀ tán, tí ewúrẹ́ ń já sí, tí òbí ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má débẹ̀. Omi ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pìyà ń bẹ ní odò wa. Ẹyẹ ẹ̀gà ń wá igi tó sún mọ́ omi tí yóò so ìtẹ́ rẹ̀ kọ́, lékeléke ń fò kọjá lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wísílínpáìn ti wà nínú ọgbà ilé ìwé, irúgbìn rẹ̀ ń já bọ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kùn? Ẹ dúró de òjò àkọ́rọ̀ ná, ẹ ó rí wọn lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ́kọ́ fi kòtò kan ṣoṣo dán an wò, tó mọ ọgbà yí i ká kí ọmọdé má baà kó sínú rẹ̀, tó gbin igi sí etí rẹ̀, tó sì fún un ní ọdún mẹ́wàá láìtà á fún ẹni tí ń kọ́ ilé epo, màá kọ ìkíni tirẹ̀ náà, yóò sì gùn ju èyí lọ.

Ẹ̀yin ará Bamburi, ẹ̀mí yín á gùn. Igbó yín kò ní í jóná, adágún yín kò ní í gbẹ, ọ̀kùn yín á máa pọ̀ sí i. Ní 2031 igbó náà á pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ ti máa dá aṣọ ẹbí sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, aláwọ̀ ewé ni kí ẹ dá, ẹ sì fi tiwa kún un. A ń bọ̀ wá jó!